Ǹjẹ́ ó yẹ kí a gbọ́ Everywhere at the End of Time tán ní ìjókòó kan ṣoṣo?

Afetísílẹ̀ béèrè:

Ẹ̀yin ará, àti ẹ̀yin àgbà tí ẹ mọ tinú orin, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ àwo orin kan ni mo gbé wá síwájú yín, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i, nítorí pé kò sí ẹni tí ó ń gbọ́ irú orin bẹ́ẹ̀ nítòsí mi tí mo lè fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀.

Leyland Kirby, ọmọ ìlú Stockport ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ṣe àwo náà, The Caretaker sì ni orúkọ tí ó lò fún irú iṣẹ́ yìí láti ọdún 1999 títí di ọdún 2019. Ìpele mẹ́fà ni iṣẹ́ náà pín sí. Ìkíní jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, ìkẹfà sì jáde ní oṣù kẹta ọdún 2019. Bí a bá tò wọ́n tẹ̀ léra, wọn yóò gbà tó wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀. Ẹni tí àrùn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó ń bá jà ni ó ń tọpa nínú wọn, láti ìgbà tí iyè rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ra díẹ̀díẹ̀ títí dé ìgbà tí kò mọ ohunkóhun mọ́. Orin ijó àtijọ́ ti àwọn òyìnbó, èyí tí tọkọtaya fi ń jó ní gbọ̀ngàn kí ogun Hitler tó bẹ̀rẹ̀, ni ó kó jọ, tí ó sì ń bà á jẹ́ bí ìpele ti ń gorí ìpele.

Ìpele kìíní kò ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù. Ó dùn, ó tutù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìró pàràpàrà abẹ́rẹ́ giramafóònù kò dákẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ní ìpele kejì, ohùn náà ti rẹ̀wẹ̀sì. Ní ìpele kẹta, mo gbọ́ orin kan tí ó dá mi lójú pé mo mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n n kò lè sọ ibi tí mo ti mọ̀ ọ́n. Mo dá a dúró, mo ń wá a kiri lọ́kàn mi, kí n tó rántí pé orin tí ó ṣí ìpele kìíní gan-an ni, èyí tí mo ti gbọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà. Jìnnìjìnnì bò mí. Mo ti gbọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin tí wọ́n ń fi sábẹ́ fíìmù iwin àti ti òkú, wọn kì í ṣe mí ní nǹkan kan. Ẹ̀rù ti èyí yàtọ̀, nítorí pé kò sí ohun kan níta tí ó ń bọ̀ wá bá mi. Láti orí èmi fúnra mi ni nǹkan ti ń bọ́ sọnù.

Nígbà tí mo dé ìpele kẹrin, n kò rí orin kankan dì mú mọ́. Ariwo ni, fèrè tí ó já sí wẹ́wẹ́ ni, ohùn tí ó fẹ́ sọ̀rọ̀ tí kò lè parí rẹ̀ ni. Mo pa á. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ bi yín jẹ́ méjì. Ṣé dandan ni kí a gbọ́ ọ tán ní ìjókòó kan, bí àwọn ọ̀dọ́ orí TikTok ti fi pe ara wọn níjà ní ọdún 2020? Èkejì ni ó jẹ mí lógún jù: nígbà tí orin bá ti tú pátápátá, kí ni etí yóò máa dì mú? Ẹ má ṣe sọ fún mi pé kí n kàn fara dà á. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ohun kan wà níbẹ̀ láti gbọ́.

Oníṣẹ́ Ohùn fèsì:

Afetísílẹ̀, ẹ kú ìbéèrè. Iṣẹ́ ìgbohùnsílẹ̀ ni mo ń ṣe jẹun, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ohun tí ẹ ń gbọ́ ti rí, torí pé ẹni tí kò bá mọ ohun tí wọ́n fi ṣe nǹkan kò lè mọ ohun tí ó ń bàjẹ́ nínú rẹ̀.

Àwo dúdú líle tí ń yí ní ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan ni àwọn orin wọ̀nyí ti wá. Oje tí kòkòrò kan ń sun sára igi ní ilẹ̀ Íńdíà ni wọ́n fi ń ṣe irú àwo bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni ojú kan rẹ̀ ń gbà, abẹ́rẹ́ irin sì ń ha á ní gbogbo ìgbà tí a bá gbé e lé e. Ìró pàràpàrà tí ẹ ń gbọ́ yẹn, àmì ọwọ́ àwọn tí ó ti gbọ́ àwo náà ṣáájú wa ni. Olúkúlùkù wọn ha díẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ń tún àwo àtijọ́ ṣe ni ó máa ń sapá láti mú ìró yẹn kúrò. Kirby fi í sílẹ̀, ó sì tún gbé e ga nígbà mìíràn, títí ó fi wúwo ju orin lọ.

Orin tí ẹ dá mọ̀ ní ìpele kẹta yẹn, Heartaches ni, èyí tí Al Bowlly kọ sínú àwo ní ọdún 1931. Mozambique ni wọ́n bí Bowlly sí, Gúúsù Áfíríkà ni ó dàgbà sí, London ni ó ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, ibẹ̀ náà sì ni bọ́ǹbù àwọn ará Jámánì ti pa á ní oṣù kẹrin ọdún 1941. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìpele kìíní, Kirby kò jẹ́ kí ohùn rẹ̀ wọlé rárá. Apá ibi tí àwọn onífèrè nìkan ti ń dá sọ̀rọ̀ ni ó gé, tí ó fa ohùn rẹ̀ gùn, tí ó fi gbohùngbohùn yí i ká, tí ó sì ń yí i po. Etí ń dúró de akọrin, akọrin kò dé. Orin kan náà tún padà ní ìpele kejì pẹ̀lú àkọlé mìíràn, ó sì tún padà ní ìpele kẹta pẹ̀lú àkọlé mìíràn. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí yín kì í ṣe àìfetísílẹ̀. Bí wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ náà nìyẹn, kí ó lè ṣẹlẹ̀ sí olùgbọ́.

Ó wá kan ìpele kẹrin tí ẹ pa. Ẹ wo bí ìrísí iṣẹ́ náà ti yí padà níbẹ̀. Ìpele kẹta ní orin mẹ́rìndínlógún, púpọ̀ nínú wọn kúrú, òmíràn sì dúró lójijì láìní òpin. Láti ìpele kẹrin lọ, orin mẹ́rin péré ni ó wà nínú ìpele kọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lé ní ogún ìṣẹ́jú. Àkọlé náà ti di irú èyí tí dókítà ń kọ sínú fáìlì: mẹ́ta nínú mẹ́rin ìpele kẹrin ni ó ń jẹ́ orúkọ kan náà, Post Awareness Confusions. Ní irú ibí yìí, ẹ jáwọ́ nínú wíwá orin, kí ẹ máa tẹ̀lé bí ohùn ti jìnnà tó. Ẹ mú ohùn kan ṣoṣo, bóyá fèrè tí ó yọ lórí ariwo, kí ẹ máa bá a lọ títí yóò fi rì. Ẹ óò rí i pé ibi tí ó rì sí, ohùn mìíràn ti ń yọ níbẹ̀, pẹ̀lú ìyára tirẹ̀, láti inú àwo mìíràn, àwọn méjèèjì yóò sì kọlu ara wọn. Nínú orin kejì ìpele náà, ibì kan wà tí ìkọlù yìí pọ̀ débi pé àwọn olùgbọ́ ti fún un lórúkọ tirẹ̀, Hell Sirens, ohùn kàkàkí ọ̀run àpáàdì. Ẹ dín ohùn kù díẹ̀ kí ẹ tó dé ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n nínú orin kẹta ìpele kan náà, Temporary Bliss State, ariwo náà fà sẹ́yìn. Àwọn ohùn kéékèèké bí agogo ń yí po jẹ́jẹ́, wọn kò sọ gbólóhùn kankan, wọn kò sì ba ènìyàn lẹ́rù. Mo gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ fi etí yín kọ́ ibẹ̀ ná. Bí àdìrẹ tí a ti fọ̀ títí ni, tí a mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ wà lára rẹ̀ ṣùgbọ́n tí ojú kò rí ju aró lọ. Etí tí ó bá ti mọ aró náà yóò lè mọ̀ ọ́n ní ìpele karùn-ún àti ìkẹfà pẹ̀lú. Ní ìpele karùn-ún, láàrin ariwo tí kò ní ojú tí kò ní imú, ohùn akéde kan yọ lójijì, ó ń kéde pé ẹnì kan fẹ́ fi máńdólíìnì, ohun èlò orin olókùn bíi gìtá, dá kọrin. Gbólóhùn kan péré. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, orí mi wú, nítorí pé ó ti pẹ́ tí ènìyàn kankan ti sọ ọ̀rọ̀ tí ó ní ìtumọ̀ sí mi.

Nípa ìjókòó kan, èmi gbà pé ó yẹ, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Àárẹ̀ etí jẹ́ ara iṣẹ́ náà. Nígbà tí ó bá ku bí ìṣẹ́jú mẹ́fà kí orin tí ó kẹ́yìn gbogbo rẹ̀ parí, ariwo já, ohùn àwọn akọrin ìjọ sì yọ láti inú àwo àtijọ́ kan, ó ṣe kedere ju ohunkóhun tí ẹ ti gbọ́ láti bí i wákàtí mẹ́rin sẹ́yìn. Ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú kan ni ó tẹ̀ lé e, ó sì tán. Ẹni tí ó bá fò dé ibẹ̀ yóò gbọ́ orin ìjọ lásán. Ẹ má sì fi sípíkà fóònù gbọ́ ọ, nítorí pé ohùn ìsàlẹ̀ tí ó gbé ìpele kẹfà dúró kò lè gba ibẹ̀ jáde. Ẹ lo íàpíìsì tí ó dára tàbí sípíkà ńlá.

Nọ́ọ̀sì Àgbà fèsì:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin méjèèjì. Mo gbọ́ iṣẹ́ náà dé òpin, n kò sì ní sọ pé kò dára. Mo kàn fẹ́ kí a ṣọ́ra lórí ohun kan tí mo ń rí lábẹ́ rẹ̀ ní orí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwọn ọmọ ń kọ ọ́ pé àwọn ti wá mọ bí ó ti ń rí fún ìyá àgbà wọn. Iṣẹ́ ọnà ni Kirby ṣe. Àwọn tí mo ń tọ́jú kì í sọ̀ kalẹ̀ ní ìpele mẹ́fà tí ó tò léra. Ẹni tí kò mọ orúkọ ọmọ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ àná lè bi ọ́ ní òwúrọ̀ òní bóyá o ti jẹun. Nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀ ni ìdààmú ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń le sí i, ilẹ̀ a sì mọ́, ara a tún fúyẹ́. Ìgòkè àti ìsọ̀kalẹ̀ yẹn kò pọ̀ tó nínú àwo yìí.

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù sí mi ni ọ̀rọ̀ orin fúnra rẹ̀. Màmá kan wà lọ́dọ̀ wa nígbà kan tí ó ń pe ọmọ tí ó bí ní "ìyá mi", tí ó sì ti pẹ́ tí kò ti sọ gbólóhùn kan parí. Lọ́jọ́ kan, ọmọ náà ń di irun fún un, ó sì dá orin ìjọ kan sílẹ̀ láìfi ọkàn sí i. Màmá gbè é. Kì í ṣe pé ó kàn gbè é, ohùn kejì ni ó mú, bí ẹni tí ó ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin rí, ó sì bá a dé ìlà tí ó kẹ́yìn ẹsẹ kẹta láìfo ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tí orin parí, ó tún bi ọmọ náà pé ta ni. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ṣe iṣẹ́ yìí pẹ́ ti rí irú rẹ̀. Nínú àwo Kirby, orin ni ó ń bàjẹ́. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ àwọn aláìsàn wa, orin wà lára ohun tí ó máa ń pẹ́ jù kí ó tó lọ. Mo rò pé ìdí rẹ̀ ni pé orin nìkan ni Kirby ní lọ́wọ́ láti fi sọ̀rọ̀, nítorí náà orin ni ó ní láti fi rúbọ. Òun fúnra rẹ̀ mọ̀, torí pé àwo tí ó ṣe ní ọdún 2011, An Empty Bliss Beyond This World, jáde láti inú ohun tí ó kà nípa bí àwọn tí àrùn Alzheimer (irú àrùn ìgbàgbé kan) ń ṣe ṣe ń rántí orin. Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ibi tí ọkàn rẹ̀ ti dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí láìní ìpayà, ẹ lọ gbọ́ èyíinì.

Ẹ jẹ́ kí n fi kan èyí pẹ̀lú, nítorí pé àwa Yorùbá ni a ń kà á níbí. Àwọn kan ṣì ń sọ pé àrùn òyìnbó ni, àwọn mìíràn a sì ní àjẹ́ ni ìyá náà, ìwà rẹ̀ ni ó ń jẹ́wọ́. Ní ọdún 1992 ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà jọ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé àwọn àgbàlagbà Yorùbá ní Ìbàdàn àti àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìlú Indianapolis. Àbájáde tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2001 ni pé nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà, àrùn ìgbàgbé ń mú 1.35 lọ́dún ní Ìbàdàn, ó sì ń mú 3.24 ní Indianapolis. Tiwa kéré sí tiwọn, ṣùgbọ́n tiwa wà. Bí orin yìí bá lè mú kí ọmọ kan dẹ́kun fífi ọ̀rọ̀ àjẹ́ kan ìyá rẹ̀, mo fọwọ́ sí i.

Àmọ́ orin ijó gbọ̀ngàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sí ní iyè àwọn tí mo ń tọ́jú. Orin ìjọ, oríkì, sákárà àti àpàlà ni ó wà níbẹ̀. Ní ọdún 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti kọ orin Yorùbá 43 sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní London, àwo líle kan náà tí Oníṣẹ́ Ohùn ń ṣàlàyé. Ẹ wá wọn gbọ́. Ìró pàràpàrà kan náà ni, ọkùnrin kan sì ń kọrin láti ẹ̀yìn rẹ̀ ní èdè tí mo gbọ́ yéké, ohùn ẹni tí ó ti kú láti ọdún 1930. Ara mi bù máṣọ níbẹ̀ ju bí ó ti ṣe nínú gbogbo ìpele mẹ́fà lọ, nítorí pé mo mọ ohun tí ó ń sọ, mo sì ń gbọ́ bí ariwo ti ń fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi.

Nípa ti ìjókòó kan: ẹni tí ó bá ń tọ́jú òbí tí àrùn yìí ń ṣe lọ́wọ́lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ dán an wò ní òun nìkan lóru. Kì í ṣe ìdánwò, ẹnikẹ́ni kò sì ní fún un ní ẹ̀bùn.

Ọmọ Alárè fèsì:

Mo bá Màmá Nọ́ọ̀sì lọ lórí ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n sọ, n kò sì bá ẹ̀gbọ́n wa Oníṣẹ́ Ohùn lọ lórí ìjókòó kan. Ẹ jẹ́ kí a wo ọjọ́ tí àwọn ìpele náà jáde: oṣù kẹsàn-án 2016, oṣù kẹrin 2017, oṣù kẹsàn-án 2017, oṣù kẹrin 2018, oṣù kẹsàn-án 2018, oṣù kẹta 2019. Nǹkan bí oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni ó wà láàrin wọn. Ẹni tí ó ń gbọ́ wọn nígbà náà ti ṣe Kérésì, ó ti ṣe Ọdún Àjíǹde, ó ti ṣíṣẹ́, ó ti sin òkú, kí ìpele mìíràn tó dé. Nígbà tí orin Bowlly bá tún yọ, ìgbàgbé tí ó bá a jẹ́ ìgbàgbé tòótọ́, tí ọjọ́ ayé fúnra rẹ̀ mú wá. Àárẹ̀ etí kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Ọdún méjì àti ààbọ̀ ni ìwọ̀n orin yìí gan-an, wákàtí mẹ́fà tí a ń kà jẹ́ ìwọ̀n àwo lásán. Ó dùn mí pé lẹ́yìn tí ó di ìpèníjà ní ọdún 2020, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tún mọ̀ pé ọ̀nà mìíràn wà láti gbọ́ ọ.

Ojú àwọn àwo náà pẹ̀lú tọ́ sí kí a wò wọ́n dáadáa. Ivan Seal ni ó kùn wọ́n. Ohun tí ó kùn máa ń jọ nǹkan tí a ti rí rí lórí tábìlì ẹnì kan, ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ pè é lórúkọ, orúkọ kò wá. Ẹ gbé ti ìpele kìíní sójú kí ẹ tó tẹ orin náà, kí ẹ sì wò ó fún ìgbà díẹ̀. Etí yóò ti mọ ohun tí ń bọ̀.

Afetísílẹ̀ béèrè ohun tí etí yóò dì mú. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ fi ìpele kẹrin sílẹ̀ ná, kí ẹ sì lọ gbọ́ iṣẹ́ William Basinski, ará Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní The Disintegration Loops. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Basinski gé ohùn kéékèèké sórí téèpù, ó so orí àti ìdí téèpù náà pọ̀ kí ó lè máa yí po láìdúró. Ní ọdún 2001, ó ń kó wọn sínú kọ̀ǹpútà kí wọ́n má baà ṣègbé. Bí téèpù ti ń yí, ìyẹ̀fun irin tí ohùn ń gbé lára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ré bọ́, torí pé ó ti gbó. Basinski kò dá ẹ̀rọ dúró. Ó jẹ́ kí ó máa gba ohùn náà sílẹ̀ bí ó ti ń kú lọ. Orin ìkíní lé ní wákàtí kan, ohun tí ó sì wà nínú rẹ̀ kò ju ohùn fèrè ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí ó ń padà wá, tí ó ń padà wá. Fún ìgbà pípẹ́, ẹ kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ óò gbọ́ ihò kékeré kan níbi tí ohùn ti wà tẹ́lẹ̀. Bí ó bá tún yí dé ibẹ̀, ihò náà wà níbẹ̀, ó ti fẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí yóò fi parí, ihò náà ni ó pọ̀, ohùn ni ó wá dà bí ẹrẹ̀ tí ó ṣẹ́kù sí etí rẹ̀.

Ihò yẹn ni kí etí dì mú. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ kí n tó lè gbọ́ ìpele kẹrin Kirby láìsá. Ìyàtọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a mọ̀: Kirby ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò ó bí àwo tirẹ̀ yóò ti bàjẹ́, téèpù Basinski sì bàjẹ́ fúnra rẹ̀, ẹni tí ó ni ín kàn dúró tì í ni. Ìdí nìyí tí ti Kirby fi ń bani lẹ́rù, tí ti Basinski sì ń bani nínú jẹ́.

Oníṣẹ́ Ohùn fèsì:

Mo gbà fún Màmá pé orin ni Kirby ní láti fi rúbọ. N kò rò ó bẹ́ẹ̀ rí, ó sì ṣàlàyé ìdí tí ohùn ìjọ ìparí yẹn fi ní agbára tó bẹ́ẹ̀. Bóyá ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàrin màmá náà àti ọmọ tí ń di irun fún un ni Kirby ń gbìyànjú láti fi síbẹ̀. Lórí ìjókòó kan, n kò tíì yẹ̀. Ọmọ Alárè sọ òtítọ́ nípa ọdún méjì àti ààbọ̀, ṣùgbọ́n àǹfààní yẹn ti kọjá lọ fún ẹni tí ó ń bẹ̀rẹ̀ lónìí, tí ó mọ̀ pé gbogbo ìpele mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà ní ojú kan lórí YouTube. Ẹni tí ó mọ̀ pé òun lè tẹ̀ ẹ́ nígbàkígbà kò dúró de ohunkóhun.

Afetísílẹ̀ fèsì:

Mo dúpẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti tún gbé ìpele kẹrin sí i, ní ọ̀sán gangan, pẹ̀lú íàpíìsì, mo sì ṣe bí ẹ̀gbọ́n ti wí, mo bẹ̀rẹ̀ láti orin kẹta rẹ̀ kí n tó padà sí ìkíní. Ó yàtọ̀ gidigidi. Nínú orin kìíní, mo mú fèrè kan dání, ó ń yọ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá, ohun mìíràn a sì bò ó mọ́lẹ̀. Ní ìgbà tí ó tún yọ, mo ṣàkíyèsí pé ìró pàràpàrà tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti ohùn tí ó bò ó, ọ̀kan nípọn, èkejì tẹ́ẹ́rẹ́, mo sì fi mọ̀ pé àwo méjì ni wọ́n ti wá. N kò lè gbọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí mo wà nínú rẹ̀.

Mo tún wá àwo Ransome-Kuti tí Màmá sọ. Mo fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ wọn pé níbẹ̀, èmi ni mo ń ran ohùn náà lọ́wọ́: bí ariwo bá gbé ọ̀rọ̀ kan mì, mo ń fi ohun tí mo mọ̀ nínú èdè wa dí àlàfo náà kí n tó mọ̀ pé mo ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ti Kirby, kò sí ohun tí mo lè fi dí i, nítorí pé n kò dàgbà sínú orin wọ̀nyẹn. Mo rò pé olùgbọ́ ará Stockport tí bàbá rẹ̀ àgbà jó sí orin Bowlly yóò gbọ́ iṣẹ́ yìí ní ọ̀nà tí ó yàtọ̀ pátápátá sí tèmi, yóò sì dùn ún jù mí lọ.

N óò ya ìpele karùn-ún àti ìkẹfà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, n óò sì fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀sẹ̀ sáàrin wọn, bí Ọmọ Alárè ti wí. Ẹ jọ̀wọ́, iṣẹ́ Basinski yẹn, mo rí i pé ó pọ̀, àwo mẹ́rin ni, mo sì rí fídíò kan tí wọ́n so mọ́ ọn. Èwo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Alárè fèsì:

Àwo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde láàrin ọdún 2002 sí 2003. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orin ìkíní nínú àwo ìkíní, dlp 1.1, kí ẹ sì gbọ́ ọ tán. Èyí nìkan ni èmi yóò sọ pé ìjókòó kan tọ́ sí, nítorí pé wákàtí kan àti díẹ̀ ni. Ẹ má wo fídíò náà ná. Èéfín New York ni ó wà nínú rẹ̀, èyí tí Basinski yà láti orí òrùlé ní Brooklyn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án 2001, ó sì fi iṣẹ́ náà rántí àwọn tí ó kú lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá kọ́kọ́ wò ó, ẹ kò ní lè gbọ́ orin náà láìrí èéfín mọ́ láé. Téèpù yẹn ti gbó, ó sì ti ré bọ́, kí ọjọ́ náà tó dé. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí téèpù.